Orí Kan, Iṣẹ́ Méjì: Ta Ni Yóò San Èyí Tó Kù?

Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè, ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oòjíire: ta ni nínú wa ní Màídúgùrí níhìn-ín tí eku kan ṣoṣo tó sè lọ́bẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jáde ní kíláàsì ní agogo méjì ọ̀sán, kó tó di agogo mẹ́rin ó ti wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP lọ sí Wulari láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Bí ó bá di Sátidé, òun kan náà ni ẹ ó bá ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí ó ń bá àwọn tó fẹ́ gboyè tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ti gboyè tí wọn kò padà sílé ńkọ́? Láti ìgbà tí wàhálà Boko Haram ti sọ ìlú yìí di ibùdó àwọn àjọ aṣèrànwọ́, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ olùkọ́ láàárọ̀, wọ́n tún di akọ̀wé àjọ nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ pí-pí ti di ọ̀ràn dandan. A kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tí a rí tó burú ni ti gbèsè tí ó ń bá iṣẹ́ kejì rìn láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣe é mọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa ló la ojú wa sí i. Iléèwé aládàáni ni ó ti ń ṣe olùkọ́, ó sì tún ń bá àjọ kan kọ àkọsílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀. Ó fẹ́ du iṣẹ́ kọngílá kékeré kan, wọ́n ní kí ó lọ mú ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta wá. Ó kó ìwé owó oṣù ibi méjèèjì dání, ó ń yan bọ̀ ní ọ́fíìsì agbowó-orí bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n ṣírò, wọ́n tún un ṣírò, wọ́n ní ó jẹ gbèsè. Ó pariwo: “Ibi méjèèjì ni wọ́n ti ń gé owó mi! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń san án lóṣooṣù, ẹ tún ní mo jẹ gbèsè?” Nígbà tí ó ròyìn rẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ní iṣẹ́ méjì kò rẹ́rìn-ín.

Àwa náà kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ni. A lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wò. Ó dùn wá láti sọ pé àwọn agbowó-orí kò parọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Orúkọ tí a ń pe nǹkan náà wà lára ohun tó ń tàn wá jẹ. Owó-orí ni a ń pè é nítorí pé nígbà ayé àwọn baba wa, orí ni wọ́n ń kà. Ọkùnrin kan, orí kan, iye kan. Ìbáà ní oko mẹ́ta, ìbáà má ní ju ẹ̀yìn ilé lọ. Haraji tí àwọn ará Òkè Ọya mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kí àwọn gómìnà ẹgbẹ́ PRP ní Kano àti Kaduna tó fagi lé e lẹ́yìn tí wọ́n gorí oyè ní 1979. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú tí wọ́n fi tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dìde ní 1947 àti 1948, tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ti àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969 náà ń bẹ níbẹ̀, ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń gé lára owó oṣù lónìí kì í ṣe irú owó-orí yẹn mọ́. Owó ohun-tó-wọlé ni. Gbogbo ohun tó bá wọlé fún ẹnìkan láàárín ọdún, ìbáà jẹ́ láti ibi iṣẹ́ kan tàbí mẹ́wàá, wọn yóò kó o jọ sójú kan, wọn yóò sì kà á gẹ́gẹ́ bí owó ẹnìkan. Orí kan náà ni, ṣùgbọ́n gbogbo àpò tó gbé kọ́rùn ni wọ́n ń wò.

Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí ni èyí tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Ó ní ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún ènìyàn lọ́dún, òun kò ní fọwọ́ kàn án. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ₦9,000,000 tó tún tẹ̀lé ìyẹn, náírà 18. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń gun òkè lọ títí yóò fi dé náírà 25 lórí ohun tó bá kọjá ₦50,000,000, èyí tí a gbà pé kò kan ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa, àfi bí ẹnìkan bá ń fi pamọ́ fún wa.

A kò ní kọ iye owó oṣù ẹ̀gbọ́n wa sí ojú ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ, kí á sì yọ owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò kí ìṣirò náà lè rọrùn. Iléèwé ń san ₦150,000 fún un lóṣù. ₦1,800,000 nìyẹn lọ́dún. Akápò iléèwé yọ ₦800,000 kúrò, ó gé náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún lára ₦1,000,000 tó kù, ó rí ₦150,000. Àjọ ń san ₦100,000 fún un lóṣù. ₦1,200,000 nìyẹn lọ́dún. Akápò àjọ náà yọ ₦800,000 kúrò, ó gé tirẹ̀ lára ₦400,000 tó kù, ó rí ₦60,000. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n gé jẹ́ ₦210,000. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní ojú òfin, ẹni kan ṣoṣo tí ₦3,000,000 wọlé fún ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ yọ ₦800,000 kúrò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ku ₦2,200,000. Náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ₦330,000. Ó ku ₦120,000 tí ẹnikẹ́ni kò gé.

Níbo ni ₦120,000 náà gbà lọ? Kò sọnù o. ₦800,000 tí ìjọba ní òun kò ní fọwọ́ kàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ ọ́ fún ẹnìkan. Náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún ₦800,000 sì jẹ́ ₦120,000 gééré. Kì í ṣe pé ọ̀gá kan jalè. Akápò iléèwé ń wo ohun tí iléèwé ń san, akápò àjọ ń wo ohun tí àjọ ń san. Kò sí ẹni tó ń wo òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀ pé iṣẹ́ òun di méjì, òun náà ni òfin sì di ẹrù àlàyé lé lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òfin tuntun ló dá ọ̀fìn yìí sílẹ̀. Lábẹ́ òfin ti 1993 tí wọ́n tún ṣe ní 2011, wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ ₦200,000 pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún owó ẹni kúrò, wọn yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti náírà 7 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé 24. A fi owó kan náà dán an wò. Iléèwé ìbá gé ₦155,600, àjọ ìbá gé ₦78,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦233,600. Ohun tó tọ́ lórí ₦3,000,000 nígbà náà jẹ́ ₦350,000. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ ₦116,400. Nítorí náà òfin tuntun bu ₦20,000 kúrò nínú owó-orí ẹni yìí, ó sì fi ₦3,600 jin ọ̀fìn tó wà níwájú rẹ̀ sí i. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan yóò kan sáárá sí òfin náà. Ẹni tó ń ṣe méjì, kí ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kí ó tó pàtẹ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn ẹ̀gbọ́n nìkan. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Bí lẹ́sìn tí ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bá ń mú ₦45,000 wá lóṣù, tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sì ń mú ₦30,000 wá, ₦540,000 àti ₦360,000 nìyẹn lọ́dún. Kò sí èyí tó dé ₦800,000 nínú méjèèjì. Bàbá ọmọ tí ó ń kọ́ kò jẹ́ gé kọ́bọ̀, olóko-òwò kọ̀ǹpútà kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ gígé. Àpapọ̀ rẹ̀ wá di ₦900,000. Ó fi ₦100,000 kọjá ààlà, owó-orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦15,000 lọ́dún. Owó kékeré ni, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bà wá lẹ́rù ni pé òfin ní kí ẹni bẹ́ẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù ohun tó wọlé fún un kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún kejì tó kọjá. Bí kò bá kọ ọ́, ìtanràn oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ₦100,000, oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e jẹ́ ₦50,000. Ọmọ tó jẹ ₦15,000 lè wá di ẹni tí wọ́n ń béèrè ₦100,000 lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé kò sanwó, bí kò ṣe nítorí pé kò kọ̀wé. Ta ló kọ́ ọ pé fọ́ọ̀mù kan wà? Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un ní kíláàsì, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un ní ọjà. Ìjọba tó bá fẹ́ gba ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ yìí, àlàyé ló yẹ kí ó kọ́kọ́ fún un, ní Kanuri, ní Hausa àti ní Yorùbá pẹ̀lú. Lórí èyí, ìjọba ló jẹ wá ní gbèsè.

Àwọn ará wa tí wọ́n ti ré òkun kọjá sí Ìlú Ọba ń rí òdìkejì rẹ̀. Níbẹ̀, £12,570 ni ìjọba kì í fọwọ́ kàn lọ́dún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí físà rẹ̀ gbà á láyè láti ṣe iṣẹ́ 20 wákàtí lọ́sẹ̀ bá pín wákàtí náà sí ibi méjì, tí ó sì sọ fún ọ̀gá kejì pé òun ní iṣẹ́ mìíràn, wọn yóò fi kóòdù tí ń jẹ́ BR sí orúkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ kejì. Ohun tí kóòdù náà ń wí ni pé ẹni yìí ti lo £12,570 rẹ̀ níbòmíràn, nítorí náà ẹ gé 20 nínú ọgọ́rùn-ún láti orí pọ́ùn àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ tí wọ́n ń ké pé àwọn òyìnbó ń fìyà jẹ ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ méjì. Kì í ṣe ìyà. Ẹkún wọn tètè dé ni. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò bá tilẹ̀ tó láti lo £12,570 náà tán, ó lè ní kí wọ́n pín in sí ọ̀tún sí òsì. Nígbà tí ọdún bá parí, kò sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Tiwa níhìn-ín, ẹ̀rín ni a ń fi bẹ̀rẹ̀: owó iṣẹ́ kejì ń wọlé bí ẹni pé ìjọba gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó bá yá ni a óò mọ̀ pé wọn kò gbàgbé. NIN tí gbogbo wa ní ni wọ́n ti sọ di nọ́ńbà owó-orí ẹni, nọ́ńbà kan náà ni yóò sì wà nínú ìwé ọ̀gá méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ kí á sọ síta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú Àfikún Karùn-ún rẹ̀, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kíkún kò gbọdọ̀ ṣe òwò tàbí iṣẹ́ aládàáni mìíràn, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ ò rí i bí ọ̀ràn náà ti rí? Bí ó bá kọ iṣẹ́ kejì sínú fọ́ọ̀mù owó-orí, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Bí kò bá kọ ọ́, ó ti jẹ gbèsè. Àwa kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó rú òfin, ṣùgbọ́n a lè sọ pé òfin yìí ti gbó. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá ti na owó ní Monday Market rí, kí ó sọ fún wa bí ₦70,000 ṣe ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Wọ́n ní kí olùkọ́ lọ dáko. Ní Borno níbí kẹ̀? Láti 2009 ni oko tó jìnnà sí ìlú ti di ibi tí ènìyàn ń lọ tí ara ilé ń gbàdúrà. Kí wọ́n gba olùkọ́ láyè láti kọ́ni nírọ̀lẹ́, kí ó sì san owó-orí rẹ̀ ní gbangba; owó tí ìjọba ń pàdánù nínú fífi-pamọ́ yóò padà wọlé.

Ní ìpàdé tí a wí yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ kan dìde, ó ní òun kò ní san kọ́bọ̀. Ó ní kí ni òun rí gbà? Ó ka iná mànàmáná, ó ka ọ̀nà, ó wá ka ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024 tí ìsédò Alau ya tí omi gba ìlú kan, tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìwé lérí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Àwa náà pàtẹ́wọ́, nítorí òótọ́ ni gbogbo ohun tí ó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi í ní ìbéèrè kan. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé fífi orúkọ pamọ́ ni wọ́n fi bá Aláké jà? Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n jáde. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba jà lórí owó-orí, kí ó jáde bákan náà, a ó tẹ̀lé e. Ẹni tó kàn ń fi iṣẹ́ kejì pamọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń kó gbèsè jọ ni.

Ìbéèrè tún wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan ní Èkó láti inú yàrá rẹ̀ níhìn-ín: ìpínlẹ̀ wo ni yóò gba owó-orí rẹ̀? Ibi tí ènìyàn ń gbé ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ọ̀gá jókòó sí. Borno ló ni ín. Kí ó tètè sọ ọ́ fún wọn ní Èkó kí wọ́n má baà san án síbi tí kò tọ́, kí ó wá máa fi rìsíìtì Èkó bẹ àwọn ará Borno.

Kí wá ni ṣíṣe fún ẹni tó ní iṣẹ́ méjì? Kí ó mú ọ̀kan ní iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí ó jẹ́ kí ibẹ̀ nìkan yọ ₦800,000 fún un. Kí ó kọ̀wé sí ọ̀gá kejì pé wọ́n ti yọ ọ́ fún òun níbòmíràn, kí wọ́n gé owó òun láti orí náírà àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀gá kan yóò gbà, àwọn mìíràn yóò wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ta ni í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gé owó òun sí i? Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó fúnra rẹ̀ fi í pamọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦10,000 lóṣù ni. Oṣù méjìlá, ₦120,000 pé. Rìsíìtì owó ilé náà ṣe pàtàkì, nítorí òfin tuntun gbà kí á yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé kúrò, bí kò bá ti kọjá ₦500,000. Ẹni tó ń san ₦300,000 fún ilé yóò yọ ₦60,000, ìyẹn sì dín owó-orí rẹ̀ kù ní ₦9,000. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ni kí ó fi rìsíìtì náà hàn. Bí ó bá fi han méjèèjì, ọ̀fìn mìíràn ló tún gbẹ́. Kí ó sì máa gba ìwé owó oṣù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, nítorí ọ̀gá tó ń gé owó tí kì í fúnni níwèé, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ó ń kó o lọ.

A ti bẹ ẹnìkan tó mọ ìṣirò owó dáadáa láti bá wa jókòó ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, níbi tí a ti máa ń ṣe ìpàdé. Ẹ mú ìwé owó oṣù ibi méjèèjì wá, ẹ mú nọ́ńbà NIN yín, ẹ mú rìsíìtì owó ilé bí ẹ bá ní. A kò ní ka owó ẹnikẹ́ni sí gbangba. Ẹ̀gbọ́n wa tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ti gbà láti wá fi tirẹ̀ hàn wá. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń san gbèsè náà, ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó parí.